Ògiri Tó Ń Làágùn: Iṣẹ́ Tí Mo Ṣe ní Ìkìrun, Inísà àti Òkukù

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀. Mi ò ní kí ẹ wá ṣe irú tèmi dandan. Mo kàn fẹ́ sọ bí iṣẹ́ kan ṣe rí láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ibi tí orúnkún mi ti ní òun ò gun àkàbà mọ́, kí ẹ̀yin fúnra yín wò ó bóyá irú ayé bẹ́ẹ̀ wù yín.

Iṣẹ́ mi ni gbígba ilé lọ́wọ́ omi. Kì í ṣe àgbàrá tó ń gbé ilé lọ ni mò ń wí o. Omi jẹ́jẹ́ ni mò ń sọ, èyí tó ń gba abẹ́ ilẹ̀ yọ́ wọ ògiri, èyí tó ń gba ihò ìṣó lórí páànù kán sínú àjà, àti èyí tó ń ti èémí àwa èèyàn fúnra wa wá nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí. Irú omi yẹn kì í pariwo. Ẹ ó kàn rí i pé ọ̀dà ń wú, ògiri ń làágùn, aṣọ inú àpótí ń rùn. Tó bá yá, ohun dúdú kan á bẹ̀rẹ̀ sí í hù lára ògiri bí irun. Bí búrẹ́dì ṣe ń bu náà ni ògiri ń bu, ìyẹn la fi ń pe ohun dúdú yẹn ní ìbu lẹ́nu iṣẹ́ wa. Ẹni tó bá ń sùn sí irú yàrá bẹ́ẹ̀, ikọ́ ni yóò máa jí i.

Ọmọ Ìbà ni mí, àmọ́ Ìkìrun ni mo gbé dàgbà. Ìyá mi ń pọnmi fún àwọn bíríkílà, inú yàrá kan ṣoṣo sì ni èmi, òun, àti àbúrò mi Ṣẹ́gun ń gbé. Tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún, ikọ́ Ṣẹ́gun náà á bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fún un lágbo títí, wọ́n fún un lóògùn òyìnbó títí. Á dẹwọ́ díẹ̀, á tún padà. Màmá mi ti gbà pé bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, onílé wa pe bàbá kan wá wo ògiri ẹ̀yìnkùlé. Ọ̀gá Làmídì ni wọ́n ń pè é, bàbá gíga kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó wo ẹ̀yìn ilé tán, ó tọrọ ààyè lọ́wọ́ ìyá mi, ó wọ yàrá wa. Ó ká ẹní tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó fàtẹ́lẹwọ́ lé ibẹ̀, ó ṣe bíi pé ó ń gbọ́ nǹkan.

"Ta ló ń sùn síbí?"

Mo ní, "Àbúrò mi ni, sà."

"Ó ń wúkọ́."

Kò bi mí léèrè o, ó sọ ọ́ ni. Ní ọjọ́ kejì ó kó ṣọ́bìrì dé. Ó kó gbogbo ilẹ̀ tó ti ga gun ògiri wa láti ìta kúrò, ó la ọ̀nà fún omi kó lè ṣàn lọ, ó ha ara ògiri inú, ó sì ní kí fèrèsé wa máa ṣí lójoojúmọ́. Nígbà tí òjò ọdún tó tẹ̀ lé e dé, Ṣẹ́gun ń sùn, àwa náà ń sùn. Mi ò tíì rí ẹni tó fi ṣọ́bìrì wo ikọ́ rí. Ìgbà tí mo jáde sẹ́kọ́ńdírì tí ọ̀nà ò sì là láti tẹ̀ síwájú, mo ti mọ ilé ẹni tí mo máa lọ.

Ọ̀gá ní òun ò gba obìnrin rí. Ìyá mi bẹ̀ ẹ́. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Kó wá lọ́jọ́ Ajé. Ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ máa sunkún, kó lọ máa sun ún nílé. Ògiri tó ń sunkún ti tó wa á bá yí."

Bí mo ṣe wọṣẹ́ nìyẹn.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ fẹ́ mú irinṣẹ́ dání lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọdún fẹ́rẹ̀ẹ́ yí po kí n tó fọwọ́ kan ṣíbí tí wọ́n fi ń rẹ́ ògiri. Àtẹ́lẹwọ́ ni Ọ̀gá kọ́kọ́ kọ́ mi. Tí òjò bá ti rọ̀ mọ́jú, á kó èmi àti Gàníyù, ọmọ Ìkìrun tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ṣáájú mi, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á máa yà láti ilé dé ilé. Á ní ká dijú, ká gbé ọwọ́ lé ìdí ògiri, ká máa fà á lọ sókè díẹ̀díẹ̀.

"Níbo lomi ti wá?"

Tó bá jẹ́ ti ilẹ̀, ọ̀rinrin á yí ìdí ilé ká bí ìró. Tó bá jẹ́ ti òkè, á fà wálẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí omijé. Tó bá jẹ́ ti inú ilé, ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù àti kọ̀rọ̀ yàrá níbi tí afẹ́fẹ́ kì í dé lẹ ó ti bá a. Tí a bá gbà á, kò ní yìn wá. Tí a bá ṣì í, a máa padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń sọ fún wa pé, "Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Ẹ má fi gbogbo ọjọ́ pa aláǹgbá. Ẹ wá ẹnu ògiri."

Ó le, mi ò ní parọ́. Gàníyù yára, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ohun tó bá ṣe á dùn-ún wò, ṣùgbọ́n sùúrù rẹ̀ kò gùn. Lọ́jọ́ kan tí a wà nílé tíṣà kan ní Ìkìrun, ó mú irin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha ìbu lára ògiri ní gbígbẹ. Ohun dúdú náà ń fò bí elùbọ́. Ọ̀gá wọlé, ó ké: "Gàníyù! Ṣé o ń fúnrúgbìn ni?"

Ó lé gbogbo wa síta. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, ó fi hàn wá bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á kọ́kọ́ wọ́n omi sí i kó tutù, wọ́n á ha á sórí ọ̀rá, wọ́n á ká ọ̀rá náà pọ̀, ojú fèrèsé ni wọ́n á sì gbà gbé e jáde, kì í ṣe àárín ilé. Aṣọ tútù la fi ń di imú nígbà yẹn. Lẹ́yìn náà ó ní kí Gàníyù fọ gbogbo kọ́tìnnì àti aṣọ bẹ́ẹ̀dì inú ilé náà, lójú títì, níbi tí àwọn ọmọge tó ń lọ sọ́jà ti ń rí i. Mo bú sẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá ní, "Ìwọ tó ń rẹ́rìn-ín, máa lọ bá a sá a."

Ohun tó kórìíra jù ni kí wọ́n kun ọ̀dà lé ọ̀rinrin lórí. Ó ní aṣọ àrán lórí egbò ni. Onílé lè máa ṣe ìgbéyàwó ọmọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kó máa bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣáà bá òun kùn ún kó dán. Ọ̀gá á kí i kú oríire, á kó ẹrù rẹ̀, á máa lọ. Tó bá ṣe díẹ̀ tí ọ̀dà náà bó, tí wọ́n tún wá pè é, á lọ. Kò ní sọ pé, "Ṣé mo sọ fún yín?" Á kí wọn bíi pé òní ni òun kọ́kọ́ rí wọn, á sì gbé ọwọ́ lé ògiri. Mo gbìyànjú láti kọ́ ìyẹn náà. Ó ṣòro ju ìrẹ́lé lọ.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti Inísà.

Pẹ́tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ kan wà níbẹ̀ tí bàbá kan kọ́ nígbà tó ti Gánà dé. Bàbá náà ti kú. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Múníràtù, ló ń gbé ìsàlẹ̀. Àwọn ọmọ wọn ń bọ̀ láti Èkó wá ṣe ọdún Iléyá, wọ́n sì fẹ́ kí ilé bàbá wọn dán. Wọ́n ní kí Ọ̀gá fi símẹ́ǹtì rẹ́ ẹ nínú lóde, kó wá fi ọ̀dà olómi òróró kùn ún.

Ọ̀gá ní, "Ẹ forí jì mí, mi ò ní lè ṣe é. Amọ̀ ń mí. Ó ń fa omi díẹ̀díẹ̀ láti ilẹ̀, ó sì ń tu ú síta. Tí ẹ bá fi símẹ́ǹtì dí i nínú lóde, omi á máa wọlé, kò ní ríbi jáde. Bí ẹni fi ọ̀rá wé èèyàn lórí-lẹ́sẹ̀ ni."

Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n wá ẹlòmíì. Gàníyù ni ẹlòmíì náà. Ó ti gba fírídọ̀mù nígbà yẹn, ó sì ń wá iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n á fi mọ orúkọ òun. Ó ṣe é, ó sì dára lójú. Lọ́jọ́ Iléyá, ńṣe ni àwọn èèyàn ń dúró lójú títì wò ó. Wọ́n pe Ọ̀gá náà, ó lọ, ó jẹran, ó ṣe àdúà fún wọn. Gàníyù bi í léèrè pé, "Ọ̀gá, ẹ̀yin náà ẹ wò ó?" Ó ní, "Ó dán."

Òjò ọdún kan lọ, òmíràn dé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ìyá Múníràtù ránṣẹ́ sí Ọ̀gá pé ọ̀dà ń yọ kókó, ẹgbẹ́ ilé kan sì wú bí ikùn aláboyún. Èmi àti Ọ̀gá la jọ lọ. Ojú ọ̀run ti ṣú. Ọ̀gá kí ìyá náà, ó wá yí ilé po láti ìta. Nígbà tó dé ẹgbẹ́ tó kọjú sí kànga, ó fi ìka kàn án. Ó dún gbọ̀ngbọ̀n bí igbá òfìfo. Símẹ́ǹtì ti ya kúrò lára amọ̀, amọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì ti di ẹ̀kọ.

Ọ̀gá kò pariwo. Ó fà mí mọ́ra, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, kó gbogbo èèyàn jáde. Má sáré o, ṣùgbọ́n má dúró."

Mo kó wọn jáde, ìyàwó ilé kan, àwọn ọmọ rẹ̀, àti Ìyá Múníràtù. A ti dé abẹ́ igi lọ́ọ̀ọ́kán kí ìyá àgbà tó kígbe: "Kùránì ọkọ mi!" Kí n tó nawọ́ mú un, ó ti wọlé padà. Ẹ ò lè gbà pé àgbàlagbà lè yára tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá sá tẹ̀ lé e.

Ilé alámọ̀ tó bá gbẹ, tó bá wó, eruku rẹ̀ á gba gbogbo àdúgbò. Èyí kò ní eruku. Kò tilẹ̀ dún tó bí mo ṣe rò. Ó dún bí ìgbà tí èèyàn mí kanlẹ̀, ni ẹgbẹ́ ilé kan bá jókòó sílẹ̀. Àìsí eruku yẹn ló bà mí lẹ́rù jù, nítorí ó jẹ́ kí n mọ bí omi inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó.

Ọ̀gá ti ti Ìyá Múníràtù gba ẹnu ọ̀nà kejì jáde kó tó wó. Òun ni kò ríbi sá. Àwọn ará àdúgbò fọwọ́ wa ẹrẹ̀ títí wọ́n fi kan ojú rẹ̀. Ó ń mí. Ṣùgbọ́n igi àjà ti já lu ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún. Awakọ̀ kan tó ń kó èrò lọ sí Òkukù já gbogbo èrò rẹ̀ sílẹ̀, ó gbé wa lọ sí ọsibítù ní Òṣogbo. Nínú mọ́tò, èmi tí wọ́n ní n kò gbọ́dọ̀ sunkún, mo sunkún. Ọ̀gá ń dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní, "Ìyá náà ńkọ́?"

Ní ọjọ́ kejì, Gàníyù dé wọ́ọ̀dù. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀ níṣojú àwọn nọ́ọ̀sì.

"Ọ̀gá, èmi ni mo pa yín."

"Gàníyù, ṣé òkú ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀?"

Ó ṣì dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀.

Ọ̀gá ní, "Gbọ́ mi. Ẹgbẹ́ kan ló wó. Mẹ́ta ṣì dúró, símẹ́ǹtì rẹ sì wà lára wọn. Ta ló mọ bó ṣe nípọn tó jù ẹ́ lọ? Dìde. Ìwọ àti Àbẹ̀kẹ́, ẹ lọ bọ́ aṣọ yẹn lára ilé náà kó tó pa ẹlòmíì. Tí mo bá kúrò níbí, mo fẹ́ wá wò ó."

Gàníyù dìde. Ó nu ojú. Láti ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni èmi àti ẹ̀ ti jọ ń ṣiṣẹ́.

A fi òpó igi gbé òkè ró. Gàníyù mú irin àti òòlù, ó ń ṣí símẹ́ǹtì tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rẹ́ kúrò, ó ń ṣí i bí ẹni tó ń ṣí èépá egbò lára ọmọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. A jẹ́ kí amọ̀ rí oòrùn àti ọyẹ́. Àwọn ọmọ Ìyá Múníràtù ti Èkó dé. Mo rò pé wọ́n máa bínú. Èyí àgbà nínú wọn wò wá títí, ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ká ṣòkòtò, ó kó sínú amọ̀, ó ń bá wa fẹsẹ̀ pò ó. Ìyá Múníràtù ló ń gbé ọ̀lẹ̀lẹ̀ àti ẹ̀kọ wá fún wa lójoojúmọ́. Wọ́n ti rí Kùránì náà nínú ẹrẹ̀. Bàbá ti fi ọ̀rá wé e ní ìlọ́po ìlọ́po nígbà ayé rẹ̀, omi kò sì kan ojú ewé kan.

A fi amọ̀ tí a pò mọ́ ìgbẹ́ màlúù tún ilé náà rẹ́, a fi ẹfun kùn ún. Kì í dán. Ó funfun jẹ́jẹ́ bí ẹyin. Ó ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Tí ẹ bá dé Inísà, ọmọ ọmọ Ìyá Múníràtù ń ránṣọ níwájú rẹ̀.

Ọ̀gá wá wò ó lóòótọ́, lórí ọ̀pá méjì. Ó fàtẹ́lẹwọ́ lé ògiri tuntun, ó dijú. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ kan náà sí Gàníyù, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ bí ọ̀gá ṣe ń bọ ọ̀gá lọ́wọ́. Kò gun àkàbà mọ́ títí tó fi kú, ṣùgbọ́n kò jókòó lásán. Abẹ́ igi fúrúùtù níwájú ilé rẹ̀ di ibi tí àwọn èèyàn ń gbé èérún ògiri wá. Á gbọ́ òórùn rẹ̀, á fọ́ ọ lọ́wọ́, á ní, "Omi òkè nìyí. Ẹ wo páànù yín."

Èmi àti Gàníyù wá ń gba iṣẹ́ kiri, Ìkìrun, Ìbà, Igbáyè, Òkukù. Ó ń sáré, èmi ń falẹ̀, àwa méjèèjì wá dà bí ẹnì kan tó ń rìn dáadáa. Ọkọ mi, télọ̀ ni, kò bá mi jà rí nítorí iṣẹ́ yìí àfi nítorí òórùn. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti ń bọ́ aṣọ iṣẹ́ kí n tó wọlé.

Irinṣẹ́ yí padà lójú wa. Aṣọ tútù tí a fi ń di imú di máàsìkì gidi tó ní ẹnu méjì róbótó bí ojú eṣinṣin. Fáànù dé, àmọ́ iná ìjọba kò dúró, a ń fi gbígbẹ ògiri lé oòrùn lọ́wọ́ títí sólà fi wọ́pọ̀. A kọ́ ọgbọ́n kan pé kí a lẹ ọ̀rá mọ́ ògiri, kí a fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Tí omi bá wà lẹ́yìn ọ̀rá, láti inú ògiri ló ti wá. Tó bá jẹ́ ojú ọ̀rá tó kọjú sí wa ló tutù, afẹ́fẹ́ inú yàrá ló gbé e wá.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ kékeré kan dé, ó ní abẹ́rẹ́ méjì, ẹ ó gún un mọ́ ògiri, á kọ nọ́ńbà. Ọmọ oníbàárà wa kan ló rà á fún wa láti òkè òkun. Gàníyù fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ titun. Èmi kò gbà á gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Mo máa ń dijú fọwọ́ kan ògiri ná, kí n sọ tèmi, kí ẹ̀rọ wá sọ tirẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohùn wa máa ń dọ́gba. Ṣùgbọ́n ó máa ń rí ọ̀rinrin tó ṣì wà nínú lọ́hùn-ún nígbà tí ojú ògiri ti gbẹ mọ́ mi lọ́wọ́, ó sì ti gbà mí lọ́wọ́ ìkánjú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Tí irinṣẹ́ tuntun bá dé, ẹ má sá fún un, ẹ má sì ju ọwọ́ yín nù nítorí rẹ̀.

Iṣẹ́ Òkukù ni mo ṣe kẹ́yìn.

Màmá Tíṣà ni wọ́n ń pe ìyá náà, olórí ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi. Ilé búlọ́ọ̀kù tí òun àti ọkọ rẹ̀ olóògbé kọ́ ló ń gbé. Àyà rẹ̀ ń há. Tí òjò bá ti ń rọ̀, kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀. Pílò ni wọ́n ń tò sí i lẹ́yìn kó lè máa jókòó sùn. Bísí, ọmọ rẹ̀ tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Òṣogbo, ló pè wá, àmọ́ ọkàn rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀.

Ó ní, "Ẹ bá wa wò ó, Mà. Ṣùgbọ́n mo ti bá àwọn tó máa wó o sọ̀rọ̀. Ilé yìí ń pa Màmá. Kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ mi."

Màmá Tíṣà wà lórí àga, ó ń wo ẹnu wa. "Bísí, tí wọ́n bá ń wó o, kí wọ́n wó èmi náà mọ́ ọn."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

"Inú yàrá yìí ni bàbá yín kú sí lọ́wọ́ mi. Òṣogbo dára. Kì í ṣe ilé mi."

Èmi àti Gàníyù yí ilé po. Ìdí ògiri tutù yíká, bẹ́ẹ̀ ìpìlẹ̀ ilé náà dára. Òkè kọ̀rọ̀ àwọn yàrá sì tún dúdú, bẹ́ẹ̀ páànù kò jò. Omi méjì ló wà níbẹ̀. A lẹ ọ̀rá mọ́ ògiri yàrá. Nígbà tí a padà dé, ojú ọ̀rá tó kọjú sí wa ló ń kán.

Mo bi Màmá pé, "Ìgbà wo ni àyà yín ti ń ṣe báyìí, Mà?"

Ó ronú. "Ó yá mi lára dáadáa títí... títí di ọdún tí Bísí tún ilé ṣe."

Bísí wo fèrèsé onígíláàsì tuntun, ó wo òkè rẹ̀ níbi tí wọ́n ti fi símẹ́ǹtì dí ihò atẹ́gùn, ó wo íńtálọ́ọ̀kì tó tẹ́ yí ilé ká, tó ga ju ojú ilẹ̀ páálọ̀ lọ, tó ń da omi òjò padà sí ìdí ògiri. Mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà.

"Èmi ni," ló wí. "Ẹ̀fọn ni Màmá ń pariwo. Ẹrẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀. Mo fẹ́ kí ara tù wọ́n ni."

Màmá Tíṣà ló nawọ́ sí i. "Wá ńbí. Ìfẹ́ lo fi dí i. Ìfẹ́ náà la máa fi ṣí i. Ṣé ó ṣeé ṣí, ìyá?"

Mo ní, "Ó ṣeé ṣí, Mà. Tí ẹ bá máa fún wa ní ọyẹ́ kan gbáko, kí ẹnikẹ́ni má kánjú."

Bísí ní kí àwọn tó fẹ́ wó o dúró ná. Tí òjò ńlá àkọ́kọ́ bá dé tí ògiri bá tún làágùn, wọ́n á wá. Màmá gbà bẹ́ẹ̀.

A ká íńtálọ́ọ̀kì kúrò nídìí ògiri, a gbẹ́ ilẹ̀ wálẹ̀, a fi òkúta wẹ́wẹ́ kún kòtò tó ń gbé omi lọ. A la ihò atẹ́gùn, a fi nẹ́ẹ̀tì bò ó nítorí ẹ̀fọn. A ha gbogbo ìbu, a sì ṣí ohun tí wọ́n fi rẹ́ ògiri títí búlọ́ọ̀kù fi hàn. A wá dúró. Kérésìmesì bá wọn nínú ilé oníhòòhò. Bísí bẹ̀ mí pé ká tilẹ̀ kun páálọ̀ nìkan nítorí àlejò, mo ní kó ṣe sùúrù. Àwọn ọmọ ọmọ Màmá wá fi ṣọ́ọ̀kì ya ewúrẹ́ àti mọ́tò sára búlọ́ọ̀kù. Wọ́n ní Màmá mú ṣọ́ọ̀kì pupa, ó ń máàkì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ní kí ẹni tó ya ewúrẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ ṣe àtúnṣe. Ìgbà tí ẹ̀rọ abẹ́rẹ́ àti ọwọ́ mi fẹnu kò pé ó ti gbẹ la tó rẹ́ ẹ, tí a sì kùn ún.

Kí n tó parí èyí, ẹ̀yin ọmọ, ọ̀rọ̀ kan péré. Kò sí ẹni tó máa ń ṣe ayẹyẹ ṣíṣí ògiri tó gbẹ. Iṣẹ́ wa kì í hàn. Ẹni tí a bá ṣe é fún á gbàgbé pé omi ti yọ òun lẹ́nu rí, ibi tí a ń lọ náà nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé ìyìn lẹ ń wá, ẹ wá iṣẹ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n tí inú yín bá lè dùn sí ara tó tu ẹlòmíì, ilé àtijọ́ kún ìlú wa, ọwọ́ tó máa tọ́jú wọn kò sì pọ̀. Àwọn méjì tí mo kọ́, obìnrin ni ọ̀kan, ni wọ́n ń bá Gàníyù ṣe é báyìí. Wọ́n ń wá ẹni kún wọn.

Òjò ńlá náà dé lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, gẹ́rẹ́ tí wọ́n jáde ṣọ́ọ̀ṣì. Bísí ti wà nílé. Èmi àti Gàníyù náà lọ, òjò sì pa wá kí a tó wọlé. Ó ń rọ̀ bíi pé ó ń bínú sí páànù. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń lọ láti ògiri dé ògiri, Gàníyù pẹ̀lú ẹ̀rọ, èmi pẹ̀lú ọwọ́, Bísí lẹ́yìn wa. Páálọ̀ gbẹ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbẹ. Kọ̀rọ̀ tó ti dúdú rí funfun, ó gbẹ. Lóde, à ń gbọ́ bí omi ṣe ń gba inú òkúta wẹ́wẹ́ lọ.

Ó ku yàrá Màmá. Bísí ti ilẹ̀kùn díẹ̀, ó dúró. Mo wò lókè èjìká rẹ̀. Màmá Tíṣà ti bọ́ gèlè ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti ju pílò gbogbo sílẹ̀ àfi ọ̀kan. Ó fẹ̀yìn lélẹ̀ gbalaja, awò ojú rẹ̀ wà lórí àyà, àyà náà ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀ jẹ́jẹ́. Atẹ́gùn òjò ń gba inú nẹ́ẹ̀tì wọlé.

Gàníyù dé lẹ́yìn wa pẹ̀lú ẹ̀rọ rẹ̀. Kò tíì rí i. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká wọn èyí náà."

Bísí yíjú padà, omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, ó fi ìka lé ètè.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ó wí wúyẹ́wúyẹ́. "Ẹ má jí wọn."